Màmá Kò-Dá-Mi-Lójú, Ẹni Tó Sọ Ejò Oníyùn Orí Òkè Lórúkọ

Ìwé ìrìbọmi sọ pé oṣù kẹta ọdún 1939 ni wọ́n bí Màmá, olóògbé tí gbogbo èèyàn torí wọn péjọ lónìí. Ìyá tó bí wọn, tí í ṣe agbẹ̀bí, tó sì yẹ kó mọ̀ ju ìwé lọ, sọ pé oṣù kejì ni. Màmá kò gba ti ìwé, wọn kò sì gba ti ìyá. Wọ́n ní akọ̀wé lè ṣàṣìṣe, ẹni tó ń rọbí lọ́wọ́ kì í sì í wo kàlẹ́ńdà. Nítorí náà, ọdún nìkan ni ẹbí kọ sára pósí, kí olóògbé má baà dìde jiyàn níwájú yín.

Ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ni wọ́n bí wọn sí, níbi tí fèrèsé ti máa ń gbọ̀n bí ọkọ̀ bá ń kọjá. Télọ̀ ni bàbá wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni télọ̀ yìí máa ń wọn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, nítorí ó fura pé èèyàn máa ń fa ikùn sínú nígbà àkọ́kọ́. Abẹ́ tábìlì ìránṣọ ni Màmá dàgbà sí, láàárín òwú àti àjákù aṣọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ pé òwú tó pupa dáadáa nínú ṣọ́ọ̀bù lè di nǹkan mìíràn lójú oòrùn. Ẹni bí ni là á jọ. Ìfura ni ogún tí télọ̀ fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Ní 1946, Màmá wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ sọ fún kíláàsì pé gbogbo ejò ló ń yé ẹyin. Màmá nawọ́ sókè, wọ́n ní, “Kò dá mi lójú, sà.” Olùkọ́ ní kí wọ́n dìde dúró títí yóò fi dá wọn lójú. Wọ́n dúró títí agogo ìparí fi lù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn aṣọ́gbà pa ejò kan lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ ejò láàyè sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú rẹ̀, kò sí ẹyin kankan. Olùkọ́ kò tọrọ àforíjì, àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti ń pe Màmá ní Kò-Dá-Mi-Lójú. Orúkọ náà kò kúrò lára wọn mọ́.

Wọ́n jáde ilé-ìwé girama ní 1959, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ ẹranko ní yunifásítì ní 1963. Ní 1964, Màmá rí iṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ẹranko, ilé alájà mẹ́ta kan níbi tí wọ́n ti ń fi òkú ẹranko sínú ìgò sípíríìtì kí ó má baà jẹrà, kí àwọn onímọ̀ lè máa fi wọ́n wé ara wọn. Yàrá ejò ló bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Òórùn ibẹ̀ máa ń bá wọn délé, ó sì máa ń wà lára ìrọ̀rí wọn. Iṣẹ́ wọn ni láti ka ìpẹ́ ejò, láti wo eyín rẹ̀, kí wọ́n sì mọ ìdílé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Orúkọ méjì ni àwọn onímọ̀ máa ń fún ẹranko, orúkọ ìdílé àti orúkọ àbísọ, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ẹranko láàárín wọn. Bí ẹnì kan bá dán an wò, yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kò ní tán láéláé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí ọmọ iṣẹ́ fi orúkọ ọ̀gá rẹ̀ sọ ọ́, kí ọ̀gá náà sì ṣe bí ẹni tí kò retí rẹ̀.

Ọ̀gá tí Màmá bá níbẹ̀ mọ ejò inú ìgò bí ẹní mowó. Kí a má purọ́ mọ́ ọn, àgbà onímọ̀ ni. Àmọ́ ẹbí kò tíì rí ẹni tó lè búra pé òun rí ọ̀gá yìí kó dojú kọ ejò tó wà láàyè rí.

Ọdún 1968 ni Bàbá, ẹni tó di ọkọ Màmá lẹ́yìn náà, wọ inú ìtàn yìí. Nọ́ọ̀sì ni Bàbá ní ilé ìwòsàn kékeré kan nísàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fọ́ òkúta fún àwọn akọ́lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé afọ́kùúta kan wá tí ejò bù jẹ lọ́wọ́. Wọ́n gbé ejò náà wá pẹ̀lú nínú korobá ọ̀dà. Orí rẹ̀ ti fọ́, ara rẹ̀ sì jẹ́ òrùka dúdú, òrùka pupa, dúdú, pupa, láti ọrùn dé ìrù, bí ìgbà tí èèyàn bá sín iyùn mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ dúdú. Bàbá gún afọ́kùúta náà ní abẹ́rẹ́ aporó, oògùn tó ń pa oró ejò oníyùn. Wọ́n tún gún un ní òmíràn. Kò sí ìyàtọ̀. Ìpéǹpéjú ọkùnrin náà ń wálẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ, èémí rẹ̀ sì dúró kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí òfin iṣẹ́ sọ, wọ́n fi ejò náà sínú ìgò sípíríìtì, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìpamọ́ ẹranko.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ olùwádìí fi máa jókòó, oṣù ti gorí oṣù. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí aporó kò fi ṣiṣẹ́. Ọ̀gá gbé ìgò náà sókè sójú iná, ó ní ejò oníyùn tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni, èyí tó ń gbé pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí òrùka rẹ̀ jẹ́ dúdú àti ìyeyè. Kò ka ìpẹ́ rẹ̀. Ó ti dá a lójú. Ó ní aporó ti wà fún irú ejò yìí tipẹ́, bí aláìsàn bá sì kú, a jẹ́ pé aporó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé iná kì í dúró ní ilé ìwòsàn náà. Ni ojú bá yí sí Bàbá àti fíríìjì wọn.

Bàbá dìde. “Ẹ̀yin àgbà, ejò tí mo rí kì í ṣe oníyeyè. Pupa ni.”

Ọ̀gá ti ìgò náà síwájú wọn. “Ọ̀gbẹ́ni, dúdú àti funfun ni mo rí níbí. Níbo ni pupa ọ̀hún wà?”

Bàbá wo inú ìgò. Dúdú àti funfun ni lóòótọ́. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sì sọ sí ẹnì kejì rẹ̀ létí pé ejò lọ́wọ́ nínú. Ìgbìmọ̀ ní kí Bàbá lọ jókòó sílé títí àwọn yóò fi pinnu bóyá kí àwọn gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ wọn.

Màmá ló gbé ìgò wọlé lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn ọ̀gá ni wọ́n dúró sí. Wọ́n mọ ohun tí gbogbo ará yàrá ejò mọ̀, tó ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kì í rántí rẹ̀ mọ́: sípíríìtì máa ń fa àwọ̀ kúrò lára ejò. Pupa á lọ, ìyeyè á lọ, dúdú nìkan ni yóò kù. Ọ̀gá náà mọ̀. Àmọ́ ìyeyè ló wà nínú ìwé tí gbogbo wọn kà, nítorí náà ó gbà pé ìyeyè ló ti lọ. Kò sẹ́ni tó kọ àwọ̀ ejò náà sílẹ̀ kí ó tó wọ ìgò. Ọwọ́ ara wọn ni Bàbá fi fọ ẹ̀rí ara wọn nù.

Ẹ má rò pé Màmá gba Bàbá gbọ́ o. Ẹni tí ọ̀ràn bá lé bá lè pe funfun ní pupa. Ìfura loògùn àgbà, Màmá sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá. Bàbá ṣí i díẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ dí i.

“Ta ló rán yín wá?”

“Kò sẹ́ni tó rán mi. Irú pupa wo lẹ rí?”

Màmá kó òwú pupa oríṣiríṣi dání láti ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn, wọ́n ní kí Bàbá mú èyí tó jọ ti ejò náà. Bàbá, tó ṣì rò pé amí ìgbìmọ̀ ni wọ́n, mú ọ̀kan pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Màmá dúpẹ́, wọ́n lọ. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n padà wá, wọ́n ti da òwú pọ̀, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé èyí tí Bàbá mú. Irọ́ ni, wọn kò gbàgbé. Bàbá tún mú òwú kan náà.

“Ṣé ó ti wá dá yín lójú báyìí?”

“Kò dá mi lójú.”

Lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n tún dé, àmọ́ Bàbá ti ra ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, wọ́n sì ti nu àga. Ẹbí fura gidigidi pé ìbẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe nítorí òwú.

Nígbà tí òjò 1969 bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń gun òkè lọ ní gbogbo Sátidé, torí àsìkò òjò ni ejò oníyùn máa ń jáde lábẹ́ ilẹ̀. Màmá mú ọ̀pá irin tó ní ìkọ́ lẹ́nu dání, wọ́n wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Wọ́n yí òkúta títí ẹ̀yìn fi ń ro wọ́n, àkéekèé nìkan ni wọ́n ń rí. Opó afọ́kùúta tó kú máa ń dúró lójú ọ̀nà. Bó bá ti rí Bàbá, á tutọ́ sílẹ̀, á ní, “Ẹ wo apààyàn tó ń bá obìnrin ṣeré kiri.” Ní Sátidé kan tó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, Màmá ní, “Ó lè jẹ́ pé kò sí o.” Bàbá ju òkúta tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì dá sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn òjò ńlá kan ni Bàbá gbé òkúta pẹlẹbẹ kan sókè, tí wọ́n sì lọgun. “Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó kíá! Ṣé pupa ni, àbí kì í ṣe pupa?” Ejò náà ká jọ sórí ilẹ̀ tútù, ó ń dán. Màmá yọ òwú tí Bàbá mú lẹ́ẹ̀mejì jáde nínú àpò, wọ́n so ó mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n nà án sẹ́gbẹ̀ẹ́ ejò náà, wọ́n wò ó títí.

“Pupa ni,” ni Màmá wí. Bàbá ní kò sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kankan tí àwọn gbọ́ láyé tó dùn tó ìyẹn.

Màmá fún oró ejò náà sínú ìgò kékeré, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe aporó. Èsì padà wá pé aporó ti ejò pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò lè pa oró yìí rárá. Síbẹ̀ ọ̀gá kò gbà. Nígbà tí ejò náà kú, ó fura pé wọ́n kùn ún ní ọ̀dà ni, ó sì fi aṣọ tútù nù ún títí ọwọ́ fi ro ó. Màmá kò bá a jiyàn. Wọ́n fi ejò pupa sínú ìgò kan, wọ́n fi ejò pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá sínú ìgò kejì, wọ́n gbé méjèèjì sórí tábìlì ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wò wọ́n. Pupa ń lọ díẹ̀díẹ̀, ìyeyè náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló pupa nínú àwọn méjèèjì?”

Ọ̀gá wo ti ọ̀tún, ó wo ti òsì. Ó yí ìgò po. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Kò lè sọ. Ìgbà tí òun àti Màmá wá jọ ka ìpẹ́ abẹ́ ìrù ejò méjèèjì ló tó rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n ka ti ejò inú ìgò Bàbá pẹ̀lú, ó sì bá ti orí òkè mu. Ìgbìmọ̀ pe Bàbá padà, wọ́n dá wọn láre, wọ́n sì dá wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ìròyìn náà tàn kálẹ̀, opó afọ́kùúta wá sílé Bàbá. Ó jókòó. Bàbá bu omi fún un. Ó wo omi náà pẹ́ kó tó mu ún.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní 1971, nígbà tí ó kù kí wọ́n tẹ orúkọ ejò náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀, ọ̀gá wúkọ́ díẹ̀, ó ní Màmá ṣáà mọ àṣà ibi iṣẹ́.

Màmá ní, “Ọ̀gá, ṣé ejò tí ẹ ní kò sí yẹn náà ni?”

Bàbá ní tiwọn sáré wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má fi orúkọ àwọn sọ ohun tó ń pa èèyàn. Màmá ní, “Ta ló ní mo fẹ́ fi tiyín sọ ọ́?” Orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí afọ́kùúta ní èdè àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ń lò, nítorí ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ fi ejò náà hàn. Láàárín àwọn onímọ̀, òkú ẹranko kan ṣoṣo ni orúkọ máa ń dúró lé lórí, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Ejò olórí fífọ́ tí Bàbá fi ránṣẹ́ ni Màmá yàn. Wọ́n so àmì pupa mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó ṣì wà nínú ìgò rẹ̀ títí di òní, ara rẹ̀ dúdú àti funfun, àmì rẹ̀ nìkan ló pupa.

Ní 1972, Màmá àti Bàbá ṣe ìgbéyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹni tó bá dàgbà nínú ilé náà mọ̀ pé Màmá á gbóòórùn mílíìkì kí wọ́n tó fún ọmọ, wọ́n á gbọn bàtà kí ọmọ tó wọ̀ ọ́, ọkùnrin tó wá tọrọ àkọ́bí wọn sì wá lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ní kó jókòó. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí. Lọ́dọọdún, ní àyájọ́ ìgbéyàwó wọn, Bàbá máa ń béèrè pé, “Lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ yẹn, ṣé ẹ gbà mí gbọ́?” Màmá á ní, “Kò dá mi lójú lọ́jọ́ náà. Ejò ni mo gbà gbọ́.” Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Bàbá náà á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ń dùn wọ́n. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀rí ló dá wọn láre. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹnì kan wà láyé tó lè gbà wọ́n gbọ́ láìsí ẹ̀rí.

Nínú ẹ̀sìn, onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Màmá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fún àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run níṣẹ́ ṣe. Wọ́n bi oníwàásù kan pé ejò wo gan-an ló wà nínú ọgbà Édẹ́nì, ta ló dá a mọ̀, ṣé ó ka ìpẹ́ rẹ̀. Oníwàásù náà kì í ka orí ìwé yẹn mọ́ bó bá ti rí Màmá lórí àga iwájú. Ní ti ìlú, Màmá lọ láti ilé ìwòsàn dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì lẹ ìkìlọ̀ kan mọ́ ògiri wọn: Kọ àwọ̀ ejò sílẹ̀ kí o tó da sípíríìtì lé e. Wọn kò jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe aporó sinmi títí wọ́n fi ṣe ti ejò orí òkè. Ní 1978, ejò náà bu obìnrin kan jẹ níbi tó ti ń kó òkúta, Bàbá gún un ní abẹ́rẹ́ tuntun náà, ó sì yè. Ìyá náà wà láàárín yín lónìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Màmá fẹ̀yìn tì ní 1999.

Àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ sáyé ni Bàbá, ọkọ wọn. Àkọ́bí wọn obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́, àti ọkọ tí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ wọn ọkùnrin, tó jẹ́ awakọ̀ ojú irin. Àbíkẹ́yìn wọn, tó ń bójú tó yàrá ejò tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àti ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ, tí gbogbo wọn máa ń gbọn bàtà. Ẹbí to wọn síbí kí ìtàn tó parí, torí Bàbá ní ohun tó kù, ẹnu àwọn ni kí ẹbí ti gbọ́ ọ kí ẹbí tó kọ ọ́.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dé ní 2021, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn rí màbo lọ́wọ́ Màmá. Oògùn wo nìyí? Ta ló ní kí n lò ó? Ibo lẹ tọ́jú rẹ̀ sí? Ṣé fíríìjì yín ń ṣiṣẹ́? Wọ́n gba páálí oògùn lọ́wọ́ dókítà fúnra rẹ̀, wọ́n kà á tán kí wọ́n tó ya ẹnu. Dókítà ní ó sàn kí wọ́n máa gba ìtọ́jú nílé. Bàbá, tí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n báyìí, ló wá ń fún wọn lóògùn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí Bàbá tó kíyè sí ohun kan. Bí àwọn bá ti gbé ṣíbí dé, Màmá á di ojú, wọ́n á ya ẹnu, wọ́n á gbé e mì.

Bàbá ní, “Ìyá àwọn ọmọ, ẹ ò tiẹ̀ bi mí ohun tó wà nínú ṣíbí.”

Màmá la ojú, wọ́n wo Bàbá bí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. “Kí ni n óò bi yín sí? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e lọ́wọ́ ni?”

Wọ́n tún di ojú, wọ́n tún ya ẹnu. Bàbá dúró síbẹ̀ tàwọn ti ṣíbí, omi ń bọ́ lójú wọn, títí Màmá fi ní, “Ẹ fún mi jàre, ẹ máa dà á nù.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Màmá sùn, tí wọn kò jí. Nígbà tí dókítà sọ pé wọ́n ti lọ, Bàbá ní kò dá àwọn lójú. Wọ́n gbé etí lé àyà Màmá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà.

Ẹ sùn re o, Màmá Kò-Dá-Mi-Lójú. Kí ilẹ̀ tẹ́ yín lára, kí Ẹlẹ́dàá gbà yín láìbéèrè ẹ̀rí. Bàbá ní kí ẹbí kọ ọ́ síbí pé àwọn kò ní í béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbìmọ̀ yẹn mọ́. Ó ti dá wọn lójú.